Ohun Tí Ahọ́n Bàbá Mi Sọ

Oṣù mẹ́rin ni bàbá mi fi wúkọ́
tí a ń dá ilé ìlagi lẹ́bi.
Akinṣúyì onípákó, ọ̀nà Oǹdó, l'Ákúrẹ́ níbí,
ọgbọ̀n ọdún ló fi fa eruku ìrókò símú,
ta ni yóò fa irú rẹ̀ tí kò ní wúkọ́?
Bẹ́ẹ̀ la wí.
Oyin, orógbó, àgbo ẹfinrin,
ìgò kan tí ẹnìkan gbé wá láti Ìjù,
ó mu gbogbo rẹ̀.
Ìgbànú rẹ̀ ń wá ihò tuntun.
Ẹ̀gbọ́n mi fi ìṣó lu ọ̀kan, ó tún lu òmíràn,
a ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ìyá mi kò pe ikọ́ náà lórúkọ.
Ó kàn ya ife rẹ̀ sọ́tọ̀,
ife tánńganran aláwọ̀ ewé, tí etí rẹ̀ ti họ,
ó gbé e sójú fèrèsé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fún un ní ike kékeré olómorí:
"Bàbá, ẹ ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i."
Ikọ́ tó ń jí àwọn aládùúgbò lóru
dé ibẹ̀, ó dákẹ́
bí ọmọ tí àlejò ń wò.
Òfìfo ni ike.

Nọ́ọ̀sì Ọláìtán wá mú igi tín-ín-rín kan jáde,
òwú wà lórí rẹ̀.
Ó ní ìwádìí kan làwọn ń ṣe,
àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ahọ́n lè jẹ́wọ́
ohun tí ẹ̀dọ̀fóró ń fi pamọ́.
Ó ka ìwé fún un, ó tún un kà:
ẹ lè kọ̀, a ò ní torí ẹ̀ dá oògùn yín dúró.
Àtàǹpàkò tí ayùn ti gé ṣóńṣó rẹ̀
ni bàbá mi fi tẹ ìwé.

Ó sì yọ ahọ́n síta,
bàbá mi,
tó gbá mi létí rí
nítorí pé mo yọ ahọ́n sí àgbà.
Òwú ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni ń nu dígí.
Mo yíjú sí ògiri.

Ahọ́n tó wí fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi láàárọ̀ pé
"kò sí ikọ́ ife nílé wa,"
òun náà ló lọ jẹ́rìí fún ẹ̀rọ
kí oòrùn tó yẹ̀ lórí.
Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tóbi ju rédíò àtijọ́ lọ.

Mo ní, ṣé ahọ́n kì í purọ́ fún un ni?
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín: "A máa purọ́.
Òmíràn á ní kò sí, kó sì wà.
Ìdí tá a ṣì ń bi ahọ́n púpọ̀ nìyẹn,
ìdí tá a tún fi ya fọ́tò àyà."
Nínú fọ́tò, òkè àyà ọ̀tún funfun
bí kùrukùru àárọ̀ lórí àpáta Ìdànrè.

"Oṣù mélòó?"
Mẹ́fà, Bàbá. Wọ́n ní àwọn kan níbòmíràn
ti ń dán oṣù mẹ́rin wò.
"Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yára."

Lọ́jọ́ kejì oògùn, ó ké pè mí sí ilé ìtọ̀:
omi ara rẹ̀ pọ́n bí osùn.
Mo ní oògùn ni. Kò gbà mí gbọ́ títí dọ̀la.

Wọ́n yẹ gbogbo wa wò.
Dárámọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún márùn-ún,
ti yọ ahọ́n kó tó kàn án,
kò sì fẹ́ dá a padà.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, kì í ṣe inú ife ló ń gbà ràn.
Orúkọ lásán nìyẹn.
Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ ṣí fèrèsé."
Ìyá mi ṣí fèrèsé. Ó fi ife sílẹ̀ níbi tó wà.

Ó di oṣù kẹta.
Láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀,
ó mú ife aláwọ̀ ewé, ó fọ̀ ọ́,
ó bu omi sí i,
ó mu ún.

Bàbá mi wò ó títí.
Ó wúkọ́ ẹyọ kan.
"Ti eruku ìrókò lèyí o," ó ní.