Àga Kẹta Lẹ́bàá Fèrèsé

Èmi ni mo ń nu gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú Halden,
ní Manitoba, níbi tí yìnyín ti ń jókòó oṣù márùn-ún
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Àga kẹta lẹ́bàá fèrèsé, ti Doreen Kowalchuk ni.
Ó lé lógún ọdún tó fi jókòó níbẹ̀,
kò pàtẹ́wọ́ rí, kò yínmú rí.
Íǹkì bíró rẹ̀ ta sí apá àga náà;
mo fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ.

“Ta ló sọ ọ́? Èló ni? Ìwé ẹ̀rí dà?”
Ìbéèrè rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ìwé ìròyìn á dé ilé epo,
a ó ka iye tí wọ́n ná sórí afárá
àti orúkọ ẹni tó nawọ́ sí i.
Inú olórí ìlú kì í dùn sí i.
Ṣùgbọ́n ó máa ń wúkọ́ kó tó dáhùn.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Toronto ra ìwé ìròyìn náà,
ó sì tì í pa.
Doreen kó páálí méjì sínú ọkọ̀, ó gba Winnipeg lọ.

Wọ́n ní kò séwu, fóònù wà lọ́wọ́ kálukú.
Òótọ́ ni. Fóònù ló sọ pé àwọn àjèjì ń bu májèlé sínú omi.
Àjèjì wo? Èmi mà ni!
Fóònù kò sọ pé owó omi ti di ìlọ́po méjì,
pé àna olórí ìlú ló gba iṣẹ́ páìpù.
Inú agbọ̀n ìdọ̀tí ni mo ti rí ìyẹn,
ìwé tí wọ́n fà ya sí mẹ́rin, àbàwọ́n kọfí lára rẹ̀.

Ìpàdé wá di ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ọwọ́ ń lọ sókè bí ọwọ́ ẹni tó ń nara lójú oorun.
Kò sẹ́ni tó ń wúkọ́ mọ́.

Bàbá mi a máa ní òkùnkùn kì í jalè,
òun kàn ń bá olè di àkàbà mú ni.

Oṣù Ọ̀wàrà ni ìbò.
Wọn ó dìbò bí ẹni ń ra bàtà láti ẹ̀yìn ògiri.
Èmi ò tíì lè dì í, ìwé mi kò tíì jáde.

Lálẹ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri,
mo jókòó sí àga kẹta,
ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi lórí orúnkún mi.
Olórí ìlú wò mí. “Ṣé ẹ nílò nǹkan ni?”
“Bẹ́ẹ̀ ni. Páìpù yẹn, èló ni?”

Ó wúkọ́.