Ìtẹ̀jáde Kejì

Páálí méje ló wà lábẹ́ ibùsùn mi ní Ìsàn.
Èkúté ti dé igun ìkẹta;
ó jẹ ẹ́, kò kà á.

Èmi ni mo kọ ìwé náà,
èmi ni mo sanwó títẹ̀ rẹ̀,
owó oṣù mẹ́rin tí ìjọba jẹ mí tó wá já wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
èmi náà ni mo gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà
lọ sí Ọ̀yẹ́, lọ sí Ìlúpéjú, lọ sí Ìkọlé.
Ọ̀gá ilé-ìwé kan yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn,
ó ní, "Ti ìlera ni, àbí ti ìjọ yín?"

Mi ò bá a jà.
Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn ìwé náà, lójú òkun tí kò sí l'Ékìtì;
òyìnbó obìnrin kan na ọwọ́ méjèèjì sókè;
lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ ìyeyè;
orúkọ mi gàgàrà, oyè ẹ̀kọ́ mi méjèèjì sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn
bí ọmọ tí a ní kó dúró sílé.
Bẹ́ẹ̀, ìtàn ìyá mi ni mo kọ, amọ̀kòkò,
tí kò rí òkun títí ó fi kú.

Ìbídàpọ̀ ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà
nínú yàrá kan ní Ọ̀yẹ́, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ata.
Ó bi mí: "Màmá, kí ni ọwọ́ ń kọ́kọ́ kàn nínú ìwé yìí?"
Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tà á. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo yọ àpáàdì kan nínú báàgì.
Ojú àtàǹpàkò ìyá mi wà nínú rẹ̀,
ó jìn, ó sì wọ́ díẹ̀ sápá òsì,
torí oríkèé ìka yẹn kò nà tán mọ́.

Ó ya fọ́tò rẹ̀ lójú fèrèsé.
Ó pa òkun rẹ́. Ó pa òyìnbó rẹ́.
Ó ní oyè ẹ̀kọ́ ńkọ́? Mo ní kó fi sílẹ̀.
Lóru, mo pè é pé kó yọ ọ́.

Ó wá ku àkọlé.
"Ìkòkò" ni mo fi sí ti àkọ́kọ́,
nítorí olùkọ́ ni mí,
nítorí mo ti fi bírò pupa pa ọmọ tó kọ "ulé" láyò, àti èyí tó kọ "uṣu".
Ṣùgbọ́n ìyá mi ò mọ ìkòkò kan rí láyé ẹ̀.
Ùkòkò ló mọ.
Ìbídàpọ̀ ní, "Àwọn ará Ìbàdàn á rò pé àṣìtẹ̀ ni."
Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n rò ó."

Èyí tó bá fọ́ níná, ìyá mi kì í dà á nù.
Á gún un lódó, á kù ú bí èlùbọ́, á pò ó mọ́ amọ̀ tuntun.
Ó ní amọ̀ tí kò jẹ àpáàdì kì í gbàná.
Nítorí náà n kò dáná sun páálí méje.
A bó ẹ̀yìn àtijọ́ kúrò, a lẹ tuntun mọ́ inú tó ti wà,
pẹ̀lú ojú ewé kọkànlélógójì,
níbi tí mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi ní àbúrò.
Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́.

Yèyé Adúnbárìn ló kọ́kọ́ dá mi dúró lójú ọ̀nà.
Kò mọ̀wé. Kò ṣí i.
Ó ti àtàǹpàkò tirẹ̀ bọ ojú àtàǹpàkò tó wà lẹ́yìn ìwé,
ó yí i díẹ̀ sápá òsì.
"Ọ̀ṣúnlékè rèé," ó wí.
Eélòó ni? Mo ní kó máa mú un lọ.
Ó wò mí bí ẹni tó bú u,
ó tú etí aṣọ rẹ̀,
ó san án pé,
ó sì dúró gba ṣéńjì.