Ẹ̀rọ Tí Yóò Bá Jíìpù Sọ̀rọ̀

Iná kékeré kan tàn nínú jíìpù Màmá Ajílẹyẹ,
ó pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Òun àti àpò kòkó mọ́kànlá, láti oko ẹ̀yìn Ìpólé,
òjò lókè, ẹrẹ̀ nísàlẹ̀.
Táyà mẹ́rin ló ní, méjì ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́;
méjì iwájú ń wòran bí àlejò níbi ìsìnkú.
Ó gun òkè náà dé ìdajì,
ó sì fi ẹ̀yìn rìn padà wálé.

"Fábùsúyì, kí ló ń ṣe é?"

Mo gbé sípánà létí, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Etí yìí mọ béárìnì tó ń rojọ́,
ó mọ bẹ́líìtì tó ń han bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.
Ṣùgbọ́n wáyà kì í kùn. Wáyà kì í wúkọ́.
Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lábẹ́ pátákó yẹn,
wọn kò fi ti etí mi ṣe.

Mo so owó mọ́ ìbàdí, mo wa jíìpù náà lọ sí Adó,
sí ìsọ̀ Kóledoyè ní Ajílósùn.
Ó kó ẹ̀rọ ayẹ̀wò mẹ́ta sórí tábìlì fún mi.

Èyí tó kéré kò ju ìdérí ìgò lọ.
Fóònù ló máa ń gbẹnu sọ fún un.
A kì í bọ́ ìsàlẹ̀ ìdarí, ó ní kò sí nǹkan kan,
ara ọkọ̀ yìí le koko,
nígbà tí iná pupa ń wo èmi àti ẹ níṣojú!
Ó ti kí ẹ́ńjìnnì, ó ti jókòó;
kò mọ̀ pé gíá kejì wà ní yàrá ẹ̀yìn.

Èyí tó tóbi wà nínú àpótí, bí ti kọmíṣọ́nnà.
Owó ọ̀kadà tuntun ni wọ́n ń tà á.
"Ọdọọdún lẹ ó sì máa sanwó, ọ̀gá,
kó má baà gbàgbé ohun tó mọ̀."
Mo ní, ọmọ mi, onílé ń gba tiẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́dọọdún,
ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ń gba tiẹ̀.
Ẹ̀rọ náà tún fẹ́ di onílé?

Àárín ló kù. Àlòkù ni, igun rẹ̀ kan ti sán,
okùn rẹ̀ nípọn bí ìrù ọ̀yà.
N kò bi í léèrè iye ọkọ̀ tó mọ̀.
Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá, ìbéèrè kan ṣoṣo:
ta ló ń bá táyà iwájú sọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́?
Ó ronú. Ó ronú títí mo fi ra ẹ̀pà, tí mo jẹ ẹ́ tán.
Ó wá kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin.
Kóledoyè tú u fún mi:
mọ́tò kékeré tó ń ti ṣáàfù iwájú, wọ́n pè é, kò dáhùn.

A ná an títí oòrùn fi kúrò lórí páànù.

Nílé, Bọ́sẹ̀dé ọmọ iṣẹ́ mi tẹ́ páálí, ó wọ abẹ́ ọkọ̀.
Ẹ̀rọ ti sọ ẹni tí kò dáhùn,
kò sọ ìdí tí kò fi dáhùn.
"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan!"
Òkúta ọ̀nà Ìpólé ti ha wáyà náà
títí bàbà inú rẹ̀ fi yọ eyín.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi so ó.

Iná kú. Màmá Ajílẹyẹ ń béèrè iye owó,
Bọ́sẹ̀dé ń fi aṣọ rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ.
Mo tún gbé sípánà létí, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì.
Ó ń hu bó ṣe yẹ kó hu.
N kò sọ fún ẹ̀rọ.