Àmù Orin

Oṣù Kejìlá ni, ní Kajaani.
Oòrùn ti wọlé sùn láti aago méjì ààbọ̀,
kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀.
Yìnyín ga dé orókùn lẹ́nu ọ̀nà
nígbà tí Màmá Kerttu kan ògiri tó wà láàárín wa
lẹ́ẹ̀mẹta, bó ti máa ń ṣe:
"Ilta, wá o. Ọkọ mi tún ń kú nínú àpótí yìí."

Mo bá a nídìí kọ̀ǹpútà, ìbọ̀sẹ̀ méjì-méjì lẹ́sẹ̀.
Ó tẹ orin náà fún mi.
Dùùrù alápò ni, irú èyí tí wọ́n ń gbé ka àyà,
tí wọ́n ń fà, tí wọ́n ń sún
bí ẹni ń kọ́ ọmọ tuntun ní mímí.
Ohùn kìíní ṣàn. Ìkejì ṣàn.
Ìkẹta dé ẹnu àbáwọlé, ó di
ta— ta— ta— ta—
bí ẹni gbé ẹsẹ̀ sókè tí kò ríbi gbé e lé.
Ó dákẹ́ wẹ́lo.
Lójijì ó sáré, ó fo odidi ìlà kan,
bí ọmọ tó fẹ́ parí àdúrà kí ọbẹ̀ má tutù.

Mo ní ẹ jẹ́ n wò ó.

Mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá wáyà lẹ́nu wò.
Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo kì í bọ̀ ọ́ padà.
Wáyà ní ọwọ́ òun mọ́.
Mo tú ẹ̀yìn àpótí: fáànù ti hu irun bí àgùntàn,
mo rẹ́ ẹ, mo gbọn eruku nù.
Ta— ta—.
Mo pa àwọn ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ láti oṣù Kẹwàá,
mẹ́tàdínlógún ni wọ́n:
ojú ọjọ́, ìbọ̀sẹ̀ híhun, ojú ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i,
ìkéde òkú Aulis.
Ìyẹn ni n kò pa.
Mo kàn rọra sún un sẹ́yìn.

"Ẹ wò ó, àmù ni," mo ní.
"Orin kì í ti odò bọ́ sí ọ̀fun tààrà.
Wọ́n á pọn ọ́n kún àmù, etí á máa bù mu.
Bí àmù bá kéré, tí apọnmi sì yà lọ́nà,
igbá á ha ìsàlẹ̀, kàràkàrà."
"Bíi garawa inú sáúnà," ni Màmá wí.
Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ garawa di ńlá.
A gbádùn ìṣẹ́jú kan àbọ̀.
Ta— ta—.

Ta wá ni apọnmi yìí ń yà kí?
Mo ṣọ́ ọ títí tíì mi fi tutù.
Wai-fai ni!
Ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló ń yọjú sílé aládùúgbò,
"Ẹ ǹlẹ́ o, ṣé ẹ wà ńlé?"
iṣẹ́ ilé sì ń dúró dè é.
Mo pa á.

Orin ṣàn.
Pólíkà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò kọsẹ̀,
ọmọ ìka ẹsẹ̀ Màmá ń mì nínú ìbọ̀sẹ̀.
Àpò dùùrù mí kanlẹ̀, ó pa dé.
Ohùn ọkùnrin kan sì wọlé:
"K— k— k— k—"

"Ó tún ti dé!" Mo nawọ́ sí eku kọ̀ǹpútà.
Màmá gbá mi lọ́wọ́, pàì.
"Fi í lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rọ."

"K— Kerttu, ṣ— ṣé ó ń gba ohùn?"

Ó ní tó bá ti gbé dùùrù, ahọ́n rẹ̀ kì í so.
Tó bá gbé e kalẹ̀ nìkan ni.
Ó ní ọdún mọ́kànlélógójì lòun fi ń dúró
de orúkọ òun lẹ́nu ọkùnrin yẹn,
kò sì pẹ́ jù rí.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.
Tìyàwó ni èyí máa ń pè.

"Dá a padà díẹ̀," ni Màmá wí.
Mo dá a padà síbi orin.
"Rárá. Ṣáájú orúkọ mi."

K— k— k—
Mo ká ọwọ́ mi sí itan.