Dáìsì Tó Bọ́ Sílẹ̀

Tábìlì mẹ́fà ni mo yá lọ́wọ́ àwọn aránṣọ Òkèléle.
Ẹsẹ̀ ọ̀kan kúrú; mo ká páálí sí i lábẹ́
kí òkè má baà yọ̀ lọ sínú odò.
Òkè yẹn, fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni,
mo fi ọ̀bẹ gé e, mo fi eérú kùn ún.
Odò yẹn, ọ̀rá búlúù lásán.
Àmọ́ ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn méjìlá tó ń bọ̀:
lójú tiwọn, Odò Àsà ni, ó ti kún dé bèbè,
iwin olójú mẹ́ta sì ń ṣọ́ afárá.

Àfáà tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó ní, "Ìyá Àgbà, ṣé tẹ́tẹ́ kọ́ nìyí?"
Mo ní kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ife rọ́bà kan ni ẹ̀bùn.
Ó wo egbére tó gbé ẹní rẹ̀ dání,
ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Àwọn ọmọ ogun dé nínú páálí bàtà,
nínú agolo mílíìkì.
Amọ̀ ìyá Ráfátù ni wọ́n fi mọ ọ̀pọ̀ wọn,
iná tó sun ìkòkò ló sun wọ́n.
Jagunjagun tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ.
Ẹṣin oníyẹ̀ẹ́ kan, ìyẹ́ rẹ̀ ti kán lórí ọ̀kadà;
Jìmọ́ fi gáàmù lẹ̀ ẹ́, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu
bí ẹni tó ń fẹ́ ojú ọgbẹ́ ọmọ.

Ìjà mẹ́ta ni mo kọ sínú ìwé.
Èkínní: ẹ di afárá mú títí yóò fi kàn yín lẹ́ẹ̀mẹfà.
Èkejì: ẹ gbé ìkòkò omi gba àárín ọ̀tá kọjá.
Ẹ̀kẹta, èyí tí wọn ò fẹ́ràn:
ilẹ̀ ti ṣú, ẹ ò ríran ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ,
ẹ wá ọmọ tó sọnù, kí ẹ mú un délé.
Sàláwù ní, "A ò wá ní pa ẹnikẹ́ni?"
Mo ní ẹ lè pa. Kò kàn sí máàkì níbẹ̀ ni.

Ogún máàkì fún ìjà kọ̀ọ̀kan:
méjìlá fún iṣẹ́ tí a rán ọ,
márùn-ún fún àwọn tó kù láàyè lọ́wọ́ rẹ,
mẹ́ta fún ìwà. Ẹni tí o bá jà ni yóò kọ ọ́.
Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín: ta ló ń jagun tó ń gba máàkì ìwà?
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù.
Mo mọ ohun tí ẹni tó borí máa ń ṣe
bí kò bá sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́. Ó ku Múbàrákù, ọmọ ọmọ mi,
àti Àwáwù, ọmọ wẹ́dà ní Pàkátà.
Márùn-ún ni Múbàrákù ń wá kó tó rí ọmọ inú igbó.
Ó jù ú. Dáìsì ta lu òkè, ó bọ́ sílẹ̀,
ó yí wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.
Mẹ́fà!
Gbogbo ilé pariwo. Lẹ́yìn náà, gbogbo ojú yí sí mi.

Òfin kẹsàn-án, ọwọ́ mi ló kọ ọ́.
"Tún un jù."

Méjì.

Ọmọ amọ̀ sùn sínú igbó.
Àwáwù, mọ́kànléláàádọ́ta. Múbàrákù, àádọ́ta.
Mo tú bébà tí Múbàrákù kọ ìwà Àwáwù sí.
Ká ní ó kọ ení péré, òun ni ì bá gba ife.
Mẹ́ta ló kọ, ó tẹ bírò débi tí bébà fi lu.
Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Lóru, mo tún gbogbo rẹ̀ kà.
Mo ti jẹ ọmọkùnrin tó wá láti Ọ̀fà ní máàkì kan.
Ipò keje ló wà, ipò keje náà ló ṣì wà.
Ilẹ̀ mọ́, mo pè é.
"Ìyá, nítorí ení?"
"Ení ni."