Ẹsẹ̀ Ẹ́ríà

Agogo mẹ́jọ ò tí ì lù lọ́jọ́ Ajé
tí Abọ́sẹ̀dé Ṣóètán ti wa ọkọ̀ tuntun dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Lafẹ́nwá.
"Bàbá Rewáyà, ẹ bá mi so ẹ́ríà mọ́ ọn.
Rédíò tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ti orin."
Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá,
níbi tí fóònù ti ń dijú.
Níjọ́sí, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tù ya àpáta;
ìpè "Ẹ sá!" ò wọlé sí i àfìgbà tí eruku bolẹ̀.
Ó ká apá aṣọ sókè. Mo rí àpá náà.
N ò béèrè mọ́.

Láyé Píjó, kí ni ìṣòro ibẹ̀?
Irin ni látòkè délẹ̀.
O gbé dírílì, o lu ihò, o ti ẹ́ríà bọ̀ ọ́,
ó nà tàntàn bí ìka tíṣà tó ń kìlọ̀.
Tòní yàtọ̀.
Mo gbé ẹsẹ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì lé bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó yọ̀ gẹ̀rẹ̀, ó já bọ́.
Mo tún un gbé. Ó tún já.
Jẹ́lílì ọmọṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Irin ìkòkò ọbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ olówó gọbọi!
Mágínẹ́ẹ̀tì ò sì bá ìkòkò ṣọ̀rẹ́.
Òrùlé ńkọ́? Gíláàsì ni, kí wọ́n lè máa wo ojú ọ̀run.
Èyí tó wà lẹ́yìn, tó dúró bíi lẹbẹ ẹja,
ti ẹni tó ṣe ọkọ̀ ni, kò gba àlejò.

"Ẹ jẹ́ n lu ú."
Ó na ọwọ́ méjèèjì bo ọkọ̀ bí ìyá ìkókó.
"Ẹ má lu ọmọ mi létí!
Gbèsè ọdún mẹ́ta ló ṣì wà lọ́rùn mi lórí rẹ̀."

Mo jókòó sórí táyà, mo ń wò ó.
Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo yẹ oríkèé rẹ̀ wò,
ibi tó ti ń ká bí ìgúnpá,
mo rí bóòtù méjì tí iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti dè síbẹ̀.
Háà. Onílé ti ṣílẹ̀kùn, kí ni àlejò fẹ́ fọ́ ògiri ṣe?
Mo gé irin pẹlẹbẹ, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi bóòtù onílé dè é.
Mo wá ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀, díẹ̀, níbi tójú ò tó,
títí irin fi funfun.
Abọ́sẹ̀dé fajú ro.
Mo ní, ẹni tó fẹ́ bá òfurufú sọ̀rọ̀
gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.
Ara ọkọ̀ ni ilẹ̀ ẹ́ríà, ọ̀dà ni bàtà;
a kì í wọ bàtà bọlẹ̀.

Wáyà ńkọ́? Mo mú un gba ojú rọ́bà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì,
mo jẹ́ kó rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi òjò lè kán dànù,
mo sì yẹra fún òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì:
ìrọ̀rí afẹ́fẹ́ ń sùn níbẹ̀, a kì í jí i lásán.

A jáde lọ dán an wò.
Ní Òkè-Ìlewó, ohùn dún ketekete.
Ní Ìtòkú, ó ń ha bí ẹni ń fa pépà ya.
A yí sẹ́yìn àpáta, kẹ́kẹ́ pa.
Abọ́sẹ̀dé wò mí. Mo wo àpáta.
Àpáta tó fi àwọn baba wa pa mọ́ nígbà ogun
ló tún ń fi ohùn pa mọ́;
ta ni yóò sọ fún un pé ogun ti tán?
N ò parọ́ fún un. "Ẹsẹ̀ ni mo ṣe, n ò ṣí òkè nídìí."

Ó ku díẹ̀ ká dé Adátán, rédíò wúkọ́:
"Màdáàmù Ṣóètán, agogo méjì la ó yin ẹ̀tù. Ẹ wà níbo?"
Ọwọ́ tó ní àpá ló fi gbé e. Ó gbọ̀n díẹ̀.
"Adátán ni mo wà. Mo gbọ́ yín."
Ó dákẹ́.
"Mo gbọ́ yín."

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà owó mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.
Bí mo bá rí ẹ́ríà yẹn tó ń mì bọ̀ lórí afárá,
òun ni mo máa ń kọ́kọ́ juwọ́ sí.