Láìsí Àmì Ohùn

Ọjọ́ Ẹtì, ọyẹ́ ti wọ Àkúrẹ́,
ètè mi sán bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì.
Mo jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀
ní Òkè-Àró, lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí.
Fọlárànmí wọlé, ọkọ rẹ̀ gbé báàgì tẹ̀lé e,
ìyá ọkọ gbé ọmọ.

"Orúkọ?"
"Òru," ni Fọlárànmí wí.
Bírò mi dúró.

Ìyá ọkọ pòṣé tí ewúrẹ́ ìta fi gbọ́.
"Ẹ bá mi bi í, akọ̀wé. Òru!
Òru tólè ń rìn, òru tí ajá ń gbó ohun tójú wa ò rí,
òru tí mo gbé àkọ́bí mi lọ sin,
tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sunkún.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ!"

Ọkọ, tó ń tún fóònù ṣe nítòsí Ọjà Ọba, fọhùn wẹ́rẹ́:
"A wolé, Màmá. Ilé ṣókùnkùn.
NEPA ti mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ò lépo.
Nọ́ọ̀sì fi eyín di fóònù mi mú, iná rẹ̀ ń gbọ̀n."

Ìyàwó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀:
"Kò ké. Wọ́n lù ú ní ìdí, kò ké.
Ó lajú sínú òkùnkùn, ó ń wò ó
bí ẹni tó bá ará ilé pàdé lọ́nà odò.
Ta ló gbẹ̀bí rẹ̀, bí kì í bá ṣe òun?"

Èmi tí mo jókòó yìí, Igbókọ̀yí lorúkọ mi.
Mẹ́rin ti lọ ṣáájú mi, a kì í kà wọ́n.
Ìyá mi ò wá orúkọ tó dùn;
ó wá èyí tí ikú á gbọ́ tí yóò yínmú.
Ní kíláàsì, tí tíṣà bá ti pè mí,
wọ́n á yọrí lójú fèrèsé, wọ́n á ní igbó dà?
Nígbà tí pásítọ̀ ní ká pààrọ̀ rẹ̀ sí Ìmánúẹ́lì,
ìyá mi ní, "Ẹ má lé ọdẹ tí kò tíì sùn lẹ́nu iṣẹ́."
Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nìyí. Ọdẹ ò sùn.

Nítorí náà orúkọ dúdú ò bà mí lẹ́rù,
àfi èyí tí ẹni tó sọ ọ́ ò mọ ohun tó ń fi lé.
Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kun èékánná ní dúdú wá,
ó ní kí n kọ Lúsífà. Inú fíìmù ló ti rí i, ó ní ó dún bí orúkọ ọba.
Mo ní, "Lọ dúró lójúde yín nírọ̀lẹ́,
fi pe ọmọ wá jẹun lẹ́ẹ̀mẹta,
kí o tó padà wá."
Kò padà wá. N ò mọ ohun tí ọmọ náà ń jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti bá òru pàdé.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìjọba ò gbọ́ àmì ohùn;
ó pọ̀ ọ́ jáde ní lẹ́tà mẹ́ta gbalasa: ORU.
Màmá na ìwé sí mi. "Kà á sí mi létí."
Mo wo tọkọtaya. Mo wo ọmọ.
Dò-re ni wọ́n wí; ahọ́n mi yí i sí re-dò.

"Orù," ni mo kà.

"Orù! Orù amọ̀, tí ìyá mi fi ń pọn omi Àlà,
tí omi inú rẹ̀ kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn?
Ahọ́n Ìdànrè ìyàwó mi yìí á pa mí lọ́jọ́ kan!"
Ó ti ń gbé ọmọ jó.

Fọlárànmí wò mí. Kò tún un ṣe.
Ọmọ yán nínú súwẹ́tà rẹ̀,
ẹnu rẹ̀ ṣí roboto, ó dúdú,
ó jìn, n ò rí ìsàlẹ̀.